Ilẹ̀ Ilé Tí Alison Fairbairn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Lù

Kí Alison Fairbairn tó pé ẹni ogójì ọdún, ìgbà mẹ́wàá ni ó ti kó ẹrù láti ilé kan lọ sí òmíràn. Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi ń kà á, nítorí kò sí ẹyọ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí nǹkan kò bá a lọ. Àwo mẹ́fà fọ́ nígbà kejì. Nígbà karùn-ún, àgbébọ̀ méjì kú sínú agbọ̀n. Nígbà keje, màlúù wọn bímọ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì ní láti gbé ọmọ màlúù náà sórí ibùsùn nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Nígbà kẹwàá, òjò pa wọ́n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Grizel, ìyá ọkọ rẹ̀, sì fi oṣù kan gbáko wúkọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Alison, ìgbà mìíràn tẹ́ ẹ bá tún gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, kó jẹ́ pé itẹ́ òkú lẹ ń gbé mi lọ. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ pé mi ò ní tún kó kúrò."

Bí ayé atúlẹ̀ ṣe rí ní ìhà Berwick nìyẹn. Ninian Purves, ọkọ Alison, mọ ẹṣin méjì í darí débi pé poro rẹ̀ máa ń tọ́ bí okùn tí wọ́n ta, ṣùgbọ́n ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà á síṣẹ́, láti oṣù karùn-ún dé oṣù karùn-ún. Ilé wà nínú owó iṣẹ́. Ìyẹ̀fun óòtì wà nínú rẹ̀, báálì àti ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pápá tí màlúù kan yóò ti máa jẹ, àti poro pòtétò díẹ̀. Ohun tí ọ̀gá ń gbà padà ni agbára ọkùnrin kan àti agbára obìnrin kan, nítorí atúlẹ̀ tí kò bá lè mú obìnrin oko jáde láti inú ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbà á. Alison fúnra rẹ̀ ti ń ṣe obìnrin oko láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àkẹtẹ̀ lórí, ọkọ́ lọ́wọ́. Nínú oko tọ́nípù, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù, ni Ninian ti rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, kò sì rí ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìparí poro, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá a dé iwájú. Nísinsìnyí Jess ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oko Blackrig ni ìkẹwàá. Ilé òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín, yàrá kan, ìdílé kan. Ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, Ninian gbé fèrèsé wọn sójú ihò fèrèsé, ó gbé irin ìdáná sáyè rẹ̀, ó to àwọn ibùsùn onípákó sí àárín yàrá kó lè pín in sí méjì. Gbogbo wọ̀nyẹn tiwọn ni, wọ́n ń rù wọ́n kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alison wo ilẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ìyẹ́ funfun léfòó lójú omi níbi tí ilẹ̀ ti jìn.

"Ta ló gbé ibí kẹ́yìn?" ó béèrè.

"Pẹ́pẹ́yẹ ni," Grizel wí. "Ó sì dà bíi pé kò tíì kó lọ tán."

Alison bọ́ bàtà. Ó gbẹ́ amọ̀ létí odò, agbọ̀n méjìlélógójì. Ó kó eérú wá láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń mú amọ̀ le, garawa mẹ́ta, lọ́wọ́ apẹran ní Duns, èyí tí kò ná an ju ẹyin méjìlá lọ. Ó pò ó, ó tẹ́ ẹ, ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó pe gbogbo ilé márààrún wá jó lórí rẹ̀. Tam Dodds, aládùúgbò wọn, ta gòjé, àwọn atúlẹ̀ sì fi bàtà onírin ṣe iṣẹ́ tí ì bá gba Alison ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àgbá ọtí kékeré kan ni gbogbo ohun tó ná an. Láti ìgbà náà, ó di ọdún mẹ́fà, wàrà ló fi ń nu ilẹ̀ náà ní gbogbo Sátidé. Ó le bí òkúta, ó dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn ará Duns tí wọ́n ní ilẹ̀ onípákó kò ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí Alison ń fẹ́ láyé kò pọ̀: kí wọ́n má ṣe kó mọ́. Fèrèsé ṣeé tú, irin ìdáná ṣeé gbé, ibùsùn ṣeé dì. Ta ló lè ká ilẹ̀ ilé bí ẹni ká ẹní?

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń yanjú. Ọ̀gá yóò rìn gba ojú oko, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, yóò wo ojú ọ̀run, yóò sì wí pé, "Ṣé a ó tún jọ wà?" Atúlẹ̀ yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá." Ó tán. Kò sí ìwé, kò sì sí ẹlẹ́rìí àfi ẹṣin méjì. Bí ọ̀gá bá kọjá lọ láìsọ ọ́, atúlẹ̀ mọ èyí tó kàn: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta yóò lọ dúró ní ọjà Duns pẹ̀lú pòròpórò ọkà kan lórí àkẹtẹ̀, kí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè dá a mọ̀. Kì í béèrè ìdí. Ẹni tó bá béèrè ti di alágbe. Kì í sì í sọ fún aládùúgbò, nítorí ojú máa ń ti ẹni tí ọ̀gá kò bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bá adìẹ ẹlòmíràn lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Ọ̀gá Renton arúgbó fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ninian láìtàsé. Ní oṣù kọkànlá ọdún tí à ń wí yìí, ó kú. Ẹni tó gba oko náà ni Ọ̀gá Gilchrist, ọkùnrin tín-ín-rín kan láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń kí màlúù kó tó kí ènìyàn. Ó ń sanwó lásìkò. Kì í pariwo mọ́ni.

Oṣù kejì wọlé. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Gilchrist ń gba ojú oko kọjá. Ó tilẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Kò sọ nǹkan kan.

"Kí ló wí lónìí?" Alison a béèrè bí Ninian bá ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní òtútù mú."

"Kó tó sọ ìyẹn ńkọ́?"

"Ó wúkọ́."

"Irú ikọ́ wo?"

"Alison, ikọ́ ni. Kò nítumọ̀."

Nígbà tí ogúnjọ́ oṣù náà pé tí ọ̀gá ṣì ń wúkọ́ kiri, Alison gbé ìkòkò ògì óòtì ka iwájú gbogbo ilé, ó sì fi ìgbako lu etí rẹ̀ kí wọ́n lè dákẹ́.

"Ẹnì kan nínú ilé yìí ti ṣẹ ọkùnrin yẹn. Kó tètè jẹ́wọ́ kí oúnjẹ tó tutù."

Jess tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. "Bóyá èmi ni."

"Kí lo ṣe?"

"Mo sín in jẹ. Bó ṣe ń rìn. Nínú oko tọ́nípù, àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ọgbà."

"Ó rí ẹ?"

"Ó ní mo ń gbé orúnkún sókè jù."

Grizel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu. "Ẹ má pa ọmọ náà. Ó lè jẹ́ èmi."

"Ẹ̀yin náà, Ìyá?"

"Mo kàn sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ etí odò, pé kó máa jẹun."

"Níbo lẹ ti sọ ọ́?"

"Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lójú gbogbo ìjọ?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó ti jáde ò gbọ́."

Alison yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ninian ti ń fi ṣíbí wa ìdí àwo tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ó ń ka ìwé kan fún mi nípa ajílẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Mo ní tó bá da ìwé náà pọ̀ mọ́ ajílẹ̀, yóò túbọ̀ wúlò."

"Ninian Purves!"

"Ó bi mí lérò mi ni!"

Alison ní tirẹ̀ kò sọ pé òun ti fi ìgbálẹ̀ na ajá ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ ẹyin. Ajá kò lè jẹ́rìí, kò sì sí ìdí tí gbogbo ilé yóò fi jẹ̀bi tán.

"Kí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ lọ bi í?" Jess wí.

Ninian gbé ṣíbí sílẹ̀. "Purves kan ò béèrè rí."

"Òótọ́ ni," Grizel wí. "Ìdí nìyẹn tá a fi mọ gbogbo ọ̀nà tó wà ní Berwick."

Létí kànga lọ́jọ́ kejì, Nans, ìyàwó Tam Dodds, ti dé ṣáájú Alison. Ó ti fọ gbogbo aṣọ fèrèsé rẹ̀ nínú òtútù, ó sì di koríko gbígbẹ kan rọ̀pọ̀tọ̀ sábẹ́ apá, irú èyí tí wọ́n fi ń wé àwo.

"Ṣé Ọ̀gá ti bá Ninian sọ̀rọ̀?" Nans béèrè.

"Ọ̀rọ̀ wo la ò tíì sọ tán? Tam ńkọ́?"

"Tam àti Ọ̀gá? Bí ọmọ ìyá kan náà ni. Àpò kí lo kó dání tó pọ̀ tó báyẹn?"

"Ti pòtétò ni."

"Nínú oṣù kejì?"

"Mo fẹ́ tètè múra. Koríko tìrẹ ńkọ́?"

"Adìẹ fẹ́ sàba."

Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀, oníkálukú sì lọ di ẹrù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà pé. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀, Ninian wọ ẹ̀wù ìjọ́sìn rẹ̀, ó ki pòròpórò ọkà bọ àpò, kò fẹ́ fi í sórí àkẹtẹ̀ títí yóò fi ré kọjá igun ọ̀nà. Ó ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé eyín ń dun òun, pé òun ń lọ yọ ọ́ ní Duns. Alison sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Wo ilẹ̀ ilé kó o tó wo iye owó," ó wí.

"Wọn kì í gbé ilẹ̀ ilé wá sọ́jà, ìyàwó."

"Bi wọ́n. Má sì yára di ọwọ́."

Nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í nìyẹn: ọ̀gá tuntun yóò fi ṣílè kan lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ, bí o bá sì ti pa ọwọ́ dé, o ti di tirẹ̀ fún ọdún kan. Kò sí ẹni tó ń tú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ padà tí ojú ayé yóò tún gbà á.

Alison padà wọlé, ó fi wàrà nu ilẹ̀ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé. Kò tíì nu ún dé ìdajì nígbà tí Jess sáré wọlé tòun ti ọkọ́.

"Ìyá, kò sí ọkùnrin kankan níbi iṣẹ́! Ẹṣin mẹ́wàá dúró, kò sẹ́ni tó bọ́ ìkankan. Ọ̀gá ń kà wọ́n lọ, ó ń kà wọ́n bọ̀."

"Tam Dodds ńkọ́?"

"Wọ́n ní àbúrò bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Rob ará ilé ìkángun lọ ra irúgbìn. Àwọn méjì yòókù lọ kí òkú."

"Òkú ta ni?"

"Ọ̀kan ní òkú ìlú Kelso ni, èkejì ní ti ìlú Coldstream."

Alison dìde lórí orúnkún rẹ̀. Àwo nínú koríko. Aṣọ fèrèsé nínú òtútù. Ó ju àkísà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ẹṣin lọ bó ṣe wà. Ẹni tó ti di ẹrù tán, kí ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù?

Ọ̀gá Gilchrist dúró láàárín àgbàlá, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ajá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ajá náà ti rí Alison, ó bọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Alison Fairbairn, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ọ̀gá. Ọjà Duns ni wọ́n lọ, wọ́n lọ wá ọ̀gá mìíràn."

"Gbogbo wọn? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an nìyẹn. Oṣù kejì ti parí, ẹ ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ? Iṣẹ́ wọn dára! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tá ò fẹ́ mọ́ nìkan là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tá ò bá sọ nǹkan fún, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni."

"Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀gá, ẹni tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan fún, kó máa di ẹrù ni."

Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀. Ó wo ẹṣin mẹ́wàá, ó wo oko tí wọn kò tíì túlẹ̀ rẹ̀ dé ìdajì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko mọ ohun tó ń ṣírò: bí àwọn wọ̀nyí bá di ọwọ́ lónìí, gbogbo wọn ni yóò kó lọ ní oṣù karùn-ún, kò sì ní sí atúlẹ̀ gidi tí yóò kù ní gbogbo ìhà náà láti gbà.

"Aago mélòó ni wọ́n máa ń parí rẹ̀?"

"Kó tó di ọ̀sán. Ẹ múra, Ọ̀gá. Máìlì méje ni."

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọ̀gá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń di ẹṣin mọ́ ọn wà ní Duns. Jess ló dì í. Alison gòkè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó kún fún wàrà, Grizel sì jáde sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń kọjá.

"Alison! Níbo lò ń gbé ọkùnrin yẹn lọ?"

"Mo fẹ́ lọ kọ́ ọ bó ṣe máa sọ̀rọ̀, Ìyá!"

Lọ́nà, ó kọ́ ọ lóòótọ́.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́."

Ọ̀gá Gilchrist tún ọ̀fun ṣe. "Ninian, inú mi dùn gidigidi sí iṣẹ́ rẹ láti ìgbà tí mo ti dé, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé—"

"Háà! Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, á rò pé ẹ fẹ́ kú ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni: ṣé a ó tún jọ wà."

"Ṣé kí n fi orúkọ rẹ̀ kún un?"

"Ọ̀fẹ́ ni orúkọ, ẹ lè fi kún un. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un."

"Kí n wo ojú rẹ̀?"

"Ẹ wo ojú ọ̀run."

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ Duns. Ọjà kún. Àwọn ọ̀gá oko ń rìn gba àárín àwọn àkẹtẹ̀ olópòròpórò, wọ́n ń wo apá, wọ́n ń wo bàtà. Alison gun orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ kó lè ríran, ó sì rí ohun tó mú un rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Àwọn ọkùnrin Blackrig márààrún wà níbẹ̀, oníkálukú wá igun tirẹ̀, oníkálukú kọ ẹ̀yìn sí ọjà. Rob fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlẹ́ran. Àwọn aṣọ̀fọ̀ méjèèjì fi òpó òkúta kan náà bojú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ninian dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ọkùnrin kan tó sanra, tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ọ̀gá oko kan láti etí òkun.

"Ilé tó dára ni," ọkùnrin náà ń wí. "Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ síbẹ̀."

"Ilẹ̀ ilé náà ńkọ́?" Ninian béèrè bí wọ́n ti rán an.

"Ilẹ̀? Ó wà nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ máa ń wà. Ṣé wàá gbà á àbí o ò ní gbà á?"

Ninian mí kanlẹ̀, ó sì na ọwọ́. Ṣílè náà balẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ti ń ká bọ̀ nígbà tí ẹnì kan já pòròpórò kúrò lórí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Má di ọwọ́!" Alison wí. "Bó o bá di ọwọ́ yẹn, ìwọ nìkan lò ń lọ sétí òkun!"

Ninian dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní ìlàjì, bí ẹni tó mú ẹyin gbígbóná.

"Ta nìyí?" onírùngbọ̀n pupa béèrè.

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe?"

"Rárá. Ilé ló ti máa ń ṣe é."

Ọ̀gá Gilchrist sáré dé, ó ń mí gúlegúle. Ó dúró níwájú Ninian, ó gbé ojú sókè, ó wo ojú ọ̀run tó fi jẹ́ pé àwọn tó yí wọn ká náà gbójú sókè láti wo ohun tó ń wò.

"Ninian," ó wí. "Ṣé a ó tún jọ wà?"

Ninian wo ọ̀gá, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀gá, láti oṣù kan lẹ ti ń wúkọ́ sí mi."

"Òtútù ló mú mi!"

Ninian yí ọwọ́ dà, ṣílè náà bọ́ padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," ó wí.

"Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá a bọ̀!" onírùngbọ̀n pupa pariwo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì pa dé, kò sí ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Rob jáde lẹ́yìn ẹlẹ́ran, àwọn aṣọ̀fọ̀ yọ lápá méjèèjì òpó, Ọ̀gá Gilchrist sì ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń wo ojú ọ̀run ní ẹ̀ẹ̀kan fún oníkálukú. Pòròpórò ń já bọ́ lórí àkẹtẹ̀.

Tam Dodds ni wọ́n rí kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ọtí, ó ń jẹ àkàrà ẹran.

"Àbúrò bàbá rẹ ńkọ́?" Ninian bi í.

"Ara rẹ̀ ti yá. Eyín tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ti bọ́."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá Gilchrist bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run, Tam gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ti dì í pinpin. "Mo ti gbà fún ará Greenlaw ní bíi wákàtí kan sẹ́yìn, Ọ̀gá. Ṣílè ọ̀hún ni mò ń jẹ yìí."

Ọ̀gá ní òun lè fi ìyẹ̀fun àpò kan kún ohun tó ń gbà. Tam mi orí. Ọwọ́ tí a bá ti dì, a ti dì í. Kò sẹ́ni tó tún bẹ̀ ẹ́, nítorí gbogbo wọn ni ì bá ṣe bákan náà.

Nans ló wá bá Alison létí kànga ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tó o parọ́ pòtétò fún mi?"

"Kí ló dé tó o parọ́ adìẹ fún mi?"

"Ká ní o sọ òótọ́, à bá ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn!"

"Ká ní ìwọ náà sọ ọ́!"

Wọ́n bú ara wọn títí garawa fi kún tó ń ṣàn dà nù, lẹ́yìn náà wọ́n di mọ́ ara wọn. Nígbà tí àwọn Dodds kó lọ ní oṣù karùn-ún, Alison bá wọn lọ, ó gbé ọjọ́ mẹ́ta ní ilé wọn tuntun. Agbọ̀n amọ̀ mẹ́tàdínlógójì ni ilẹ̀ ibẹ̀ gbà. Ẹ̀jẹ̀ garawa méjì ló tó o, nítorí ilé Greenlaw kéré sí ti Blackrig.

Ọdún yípo. Ọ̀gá Gilchrist kò dúró de oṣù kejì mọ́. Láti ọjọ́ kejì ọdún tuntun ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Ninian lóko, ó tún un sọ níwájú alágbẹ̀dẹ, ó sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò tilẹ̀ bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ Sátidé, ó kanlẹ̀kùn ilé Alison, ó tẹ orí ba wọlé, ó dúró, ó sì gbójú sókè láti wo àjà.

"Alison Fairbairn, ṣé a ó tún jọ wà?"

"Ṣebí Ninian ti dá yín lóhùn, Ọ̀gá?"

"Ó ti dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dà bíi pé ohùn rẹ̀ kọ́ ló ń dì í."

Grizel rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. "Ọmọ yìí ń gbọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti ń gba ẹran díẹ̀."

Alison nu ọwọ́ méjèèjì. Ọdún mẹ́fàlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ oko, lóko àti nílé atúlẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kan tó bi í ní nǹkan rí. Ó ronú sí òrùlé tó ń jò lápá ọ̀tún, ó ronú sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó ti jábọ́, ó ronú sí Jess tó ń gba owó ọmọdé fún iṣẹ́ àgbà.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá," ó wí. "Ó kù díẹ̀ kí ọbẹ̀ jinná, ọ̀rọ̀ tèmi sì ju mẹ́fà lọ."